Èèkàn Project Calculus Mi Ló Ń Ba Orúkọ Bàbá Àgbà Jẹ́

Èmi ni mo kan èèkàn pupa yẹn mọ́lẹ̀. Kì í ṣe awọnlẹ̀, kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, kì í ṣe ará Ìfọ́n kankan tó fẹ́ gba oko wa. Èmi ni, torí máàkì. Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi jáde, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì dá ìtàn yìí mọ̀ nínú àwọn tó ń ka page yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo máa kọ ọ̀rọ̀ yìí tán, mo máa pa á rẹ́, mo máa tún un kọ... lónìí mo ní kí n má pa á rẹ́ mọ́.

Ọmọ Ìlobù ni mí, obìnrin ni mí. Mò ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lápá Òṣogbo, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Applied Calculus, ó ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀kan, carry-over ni fún mi lọ́dún yìí, tó bá tún gbé mi ṣubú, mi ò ní bá àwọn ẹgbẹ́ mi jáde. Obìnrin ni lẹ́kítọ́rà tó ń kọ́ wa, kì í bá èèyàn ṣeré. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé ló ti ka òfin ẹ̀ fún wa. Ẹni tí attendance ẹ̀ bá kéré kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Test tó o bá pàdánù, o ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn, àfi tó o bá mú ìwé ilé ìwòsàn wá. Assignment tó bá pẹ́, kó o fi gbá ilẹ̀. Àmọ́ èyí tó le jù níbẹ̀ ni project. Kódà bó o bá gba gbogbo máàkì tó kù, tó ò bá ti ní project, F ni. Méjì méjì la sì máa ṣe é, ohun tí ẹnì kan bá gbà náà ni ẹnìkejì máa gbà.

Project ọ̀hún ni pé ká lọ wá ilẹ̀ kan tí etí ẹ̀ ò gún, ilẹ̀ tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ tẹ̀lé odò tàbí ọ̀nà, tí èèyàn ò lè kàn fi gígùn àti ìbú mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ká kan èèkàn sí i, ká wọ̀n ọ́n, ká wá fi calculus wá bó ṣe tó. Ó ní ká gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ kí á tó débẹ̀, ó sì ní ká yọ èèkàn wa kí á tó kúrò, ẹni tó bá fi èèkàn sílẹ̀ sóko olóko, òdo ni fún òun àti ẹnìkejì ẹ̀. Ó ní a mọ irú agbègbè tá a wà, ká má lọ bá òun dá ìjà ilẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òfin kan tún wà tí mi ò kà sí nígbà yẹn: ó ní ẹni tó bá fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe ẹ̀ kí òun tó fi èsì ránṣẹ́, òun á kàn yọ lára máàkì ẹ̀, ẹni tí àṣírí ẹ̀ bá tú lẹ́yìn ìyẹn ló máa gba F.

Nọ́mbà matric ni wọ́n fi so wá pọ̀, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni wọ́n sì so mí mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìlobù àti Ìfọ́n, ẹ mọ̀ bó ṣe rí. À ń fẹ́ ara wa, à ń bímọ fún ara wa, ọjà kan náà là ń ná, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́, kálukú á rántí ilé bàbá ẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ò ní wàhálà kankan. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, òun ló tún mọ calculus yẹn jù mí lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, bàbá kan náà ló bí wọn, àmọ́ ará Ìfọ́n ni ìyá Bàbá àgbà. Òun ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sílé kéwú nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní oko ẹ̀gẹ́ kan létí odò, ní apá tó kọjú sí Ìfọ́n, bí odò yẹn ṣe wọ́ gan-an ni project wa ń fẹ́. Mo lọ bá a pé mo nílò èèkàn fún iṣẹ́ school. Kò bi mí ní ìbéèrè méjì. Ó wọ inú ọparun tó wà lẹ́yìn ilé, ó gé e, ó gbẹ́ ẹnu ẹ̀, ó tún fi ọ̀bẹ fá ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan yípo kí okùn má baà yọ̀ lára ẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe èèkàn ewúrẹ́ ẹ̀ nìyẹn, mi ò rí ẹlòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run fi ìmọ̀ náà ṣe mí láǹfààní. Mo ní àmín. Mi ò sọ fún un pé oko ẹ̀ ni mo fẹ́ kàn án sí... kí ló dé tí mi ò sọ? Mo ní ilẹ̀ wa ṣáà ni, ta ló máa bi mí? Ká sọ òótọ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n bi mí pé ta lo fẹ́ bá lọ.

Mo fi ọ̀dà pupa tó kù nígbà tí wọ́n kun géètì bàbá mi kùn ún kó lè hàn nínú fọ́tò. A lọ, a kàn án mọ́ etí odò, a ta okùn, a wọ̀n ọ́n, a ya fọ́tò. Òjò ṣú. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìfọ́n yẹn, ní ká yọ àwọn èèkàn, mo ní kó máa sáré lọ kí ilẹ̀ má ṣú bá a lọ́nà, pé màá yọ ọ́. Ẹ ò ní gbàgbọ́, òjò yẹn ò rọ̀. Ebi ló ń pa mí, ó sì rẹ̀ mí, mo ní lọ́la. Lọ́jọ́ kejì ó bi mí ní school pé ṣé mo yọ ọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn tí ẹnì kan tó ń lọ sóko fi rí i. Ẹ mọ ohun tí èèkàn pupa túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wa, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti ta ilẹ̀, tàbí wọ́n fẹ́ gbà á. Kí wọ́n tó kírun àlàásárì, ọ̀rọ̀ ti di pé àwọn ará Ìfọ́n wá wọ ilẹ̀ Ìlobù wá wọn ilẹ̀. Ìgbà tó ṣe, àwọn kan nínú ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló fọ̀nà hàn wọ́n, kí ló dé tó jẹ́ oko tiẹ̀ nìkan... ni wọ́n bá rántí ìyá ẹ̀. Bàbá tó ti ń roko yẹn kí wọ́n tó bí mi! Wọ́n ní kó má dé oko náà mọ́ títí ẹbí á fi jókòó. Ẹ̀gẹ́ ẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó ń le. Tó bá kí wọn ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á dáhùn sí imú. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lé e kúrò lóko náà ni lẹ́kítọ́rà gbé project wa sókè níwájú kíláàsì pé kí gbogbo ayé wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi, ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tí ẹbí kọ́kọ́ jókòó, èmi ni mo ń gbé omi fún wọn. Mọ́gàjí ilé wa mú ọ̀kan nínú àwọn èèkàn náà jáde, ó ní kí Bàbá àgbà wò ó, ṣé ó mọ ẹni tó ni ín. Bàbá gbà á. Ó yí i. Ó fi àtàǹpàkò ra ọrùn ẹ̀ níbi tí wọ́n fá yẹn, ọ̀dà ò bò ó tán. Ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó wá rọra gbé èèkàn náà sílẹ̀, ó ní Ọlọ́run ló mọ ẹni tó kàn án. Wọ́n bínú, wọ́n pariwo lé e lórí. Mo kó àwọn ife, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sá fún un. Àmọ́ lánàá ó bá mi níwájú ilé, mo kúnlẹ̀ kí i, ó bi mí pé ṣé èsì ìdánwò ti jáde. Mo ní kò tíì jáde o, Bàbá, ṣùgbọ́n project wa dáa. “Alhamdulillahi,” bó ṣe wí nìyẹn. “Tó o bá tún nílò èèkàn, wí fún mi, màá gé e. Àmọ́ máa kó o wálé tó o bá lò ó tán.” Ó kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ìyá mi pè mí wọlé.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni lẹ́kítọ́rà máa fi èsì ránṣẹ́. Ọjọ́ Sunday ni ẹbí máa tún jókòó, wọ́n ti ń sọ ẹni tí wọ́n máa gbé oko náà fún. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n máa bi mí pé èmi àti ta ni, tí mo bá sì ní ọmọ Ìfọ́n, ṣé wọn ò ní sọ pé ohun táwọn ti wí náà nìyẹn? Ọ̀rẹ́ mi tí kò mọ nǹkan kan ńkọ́, tó rò pé mo yọ èèkàn? Ṣé kí n parọ́ pé èmi nìkan ni mo lọ? Ṣé lẹ́kítọ́rà ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, àbí Mọ́gàjí, àbí Bàbá fúnra ẹ̀? Mo mọ̀ pé ó fẹ́ kí n jáde school ni kò fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ má kàn bú mi, mo ti bú ara mi. Ṣé mo lè jẹ́ kí bàbá arúgbó máa ru ẹrù mi kiri, nítorí pé òun ò sọ pé ó wúwo?