Arábìnrin Inú Fóònù Ní Kí N Pín Ọ̀dùnkún

Ọmọbìnrin mi, mo kí ẹ, mo kí iṣẹ́, mo kí ọkọ rẹ. Ṣé ara yín le? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ febi sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí ìwọ febi pa èmi.

Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ tó bímọ, búrẹ́dì ni mò ń jẹ lálẹ́, mi ò sì ráhùn. Ìwọ lo ní kò dáa, tó o wá fi fídíò arábìnrin tó ń se ọ̀dùnkún àti ẹyin ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó kí mi káàbọ̀, mo dá a lóhùn, mo béèrè ilé àti ọmọ, kò fèsì, ọ̀rọ̀ ló ń sọ lọ. Mo ní kó dúró kí n bẹ ọ̀dùnkún tán, kò dúró. Kí n tó bẹ ẹyọ mẹ́ta, tiẹ̀ ti jinná, ó ti ń bù ú jẹ lójú mi, kò tilẹ̀ ní kí n wá jẹun.

Ó tún ní kí n má gbàgbé láti tẹ agogo tó wà nísàlẹ̀. Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo abẹ́ sítóòfù, kò sí agogo. Mo lọ yá ti kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Kò-sí-ṣéńjì, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkóríta. Kí n tó dé, ìdí ìkòkò ti jó. Mo ṣáà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé ó ní kí n pín in fún ẹbí. Ẹbí wo? Àbúrò mi gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan ló kù ládùúgbò, o sì mọ̀ pé ọdún méjì rèé tí a ò kí ara wa, torí ilẹ̀kùn tó kàn fún mi tí kò ṣeé tì, tí mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Mo pa fóònù, mo tún un tàn, ohun kan náà ló tún sọ. Mo bu ìdajì sínú àwo, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ní kì í ṣe èmi ni mo rán ara mi o, arábìnrin kan ni.

Ó gbé ayùn sílẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó ní kò níyọ̀, ó jóná, kò sì jinná, pé báwo lèèyàn ṣe ń se oúnjẹ tó jóná tí kò jinná. Mo ní bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn tí kò ṣeé tì tí kò ṣeé ṣí náà ni. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fìka nu àwo.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé àlùbọ́sà àti iyọ̀ tiẹ̀ wá, ó ní òun ò lè máa wò mí kí n pa ara mi. Ó di ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà báyìí tó ti ń wá. Kò sí ohun tí mo gé tí kì í sọ pé ó tóbi jù. Ó ti sú mi. Tí oúnjẹ bá sì ti tán báyìí, yóò dìde, yóò ní ó dàárọ̀.

Torí náà, fi fídíò oúnjẹ mìíràn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó máa ń pẹ́ gan-an kó tó jinná ni kó o wá. Fi owó ìkòkò tuntun sí i, èyí tó gba oúnjẹ èèyàn méjì. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o máa dá jẹun.

Èmi ni, bàbá rẹ.