Uṣẹ́ àti Ushẹ́ ní Ìdó

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 2025
Mo ti níṣẹ́! Ìgbìmọ̀ Ìwé Ọ̀rọ̀ Èkìtì, níbí ní Ìdó. Wọ́n fẹ́ kí n kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá ọ̀rọ̀ Èkìtì mọ̀, bó ti wù kí wọ́n kọ ọ́. Alága ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbọ̀dé, ọmọ Ùsì. Mo ti sọ ọ́ ní Baba Àmì – kó tó dá mi lóhùn ìkíni, ó ti fi bírò fi àmì sórí orúkọ mi. Igbákejì rẹ̀, Alàgbà Ẹlúyẹmí, ọmọ Ọ̀tùn, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Hẹdimásítà nìyẹn.

Nítorí Màámi ni mo ṣe fẹ́ iṣẹ́ yìí. Láti Ìpáò ló ti ń fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi, ọ̀nà mẹ́ta ló sì lè gbà kọ "ulé", ìyẹn ilé, nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí mo bá wá a lórí fóònù, n kì í rí i.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Karùn-ún
Mo sọ ẹ̀rọ náà ní Ìjọra. Ó ń wo iye lẹ́tà tí a ó yí padà kí ọ̀rọ̀ kan tó di èkejì. Bó bá kéré, ó kó wọn pọ̀ sójú kan. Mo tẹ "uṣẹ́", bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pe iṣẹ́. Ó kó ushẹ́, ushe, usheh, use jáde. Mo pariwo. Baba Àmì ní ṣé iná gbé mi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Karùn-ún
Màámi kọ̀wé: "Oko ti baje." Ìjọra ní oko, ọkọ, ọkọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ̀rù bà mí, mo pè é. Ó ní: "Ọkọ̀ ni. Ọkọ mi ṣì wà lóko, ẹsẹ̀ ló fi ń bọ̀."

Mo ní láti kọ́ ẹ̀rọ yìí ní àmì.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún
Ìjà dé. Ọ̀rọ̀ wo ni yóò jẹ́ olórí àwọn yòókù? Baba Àmì ní "uṣẹ́" ni, àmì lábẹ́, bí ọmọlúàbí. Hẹdimásítà ní "ushẹ́" ni bàbá òun fi ń kọ ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀tùn, ta ló wá ń pe bàbá òun ní púrúǹtù? Mo ní kò kan ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni tó tutọ́ sínú ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Karùn-ún
Wọn ò kí ara wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Karùn-ún
Baba Àmì pè mí sẹ́yìn ilé: bí kì í bá ṣe tòun ló ṣíwájú, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ Ìjọra. Hẹdimásítà dúró dè mí lẹ́nu géètì: bí kì í bá ṣe tòun, Ọ̀tùn yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kó wọn lọ síbo? Ṣé ọ̀rọ̀ jẹ́ iṣu? Ṣùgbọ́n bí èyíkéyìí wọn bá ṣe ohun tó sọ, Ìjọra kú nìyẹn. Mo dá àwọn méjèèjì lóhùn: Ẹ má ṣèyọnu sà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún
Mo ṣe é: ìlú tí ẹni tó ní fóònù ti wá ni Ìjọra á kọ́kọ́ wò. Fóònù ọmọ Ùsì á rí "uṣẹ́" lókè. Fóònù ọmọ Ọ̀tùn á rí "ushẹ́". Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n yá ara wọn ní fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Karùn-ún
Àlàáfíà! Wọ́n jọ jẹ iyán nínú abọ́ kan. Olúkúlùkù ń wo èkejì tàánútàánú. Baba Àmì sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí n máa rọra bá Hẹdimásítà sọ̀rọ̀, pé ìjákulẹ̀ ò rọrùn fún àgbà. Nígbà tó ṣe, Hẹdimásítà náà sọ bẹ́ẹ̀ gan-an fún mi nípa Baba Àmì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Karùn-ún
Ìfilọ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn kún. Kọ̀ǹpútà tèmi ni wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, mo sì tẹ "uṣẹ́". Ọmọ Ìpáò sì ni mí – n ò ṣètò kankan fún Ìpáò. Nígbà tí Ìjọra ò rí ìlú tó mọ̀, ó gbé èyí tí àwọn èèyàn ń kọ jù lọ síwájú: "use". Kò ní àmì, kò ní "h". Ó tóbi bí ilẹ̀kùn.

Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan dìde lẹ́yìn: "Bí mo ṣe ń kọ ọ́ rèé!" Inú mi dùn, n ò ní purọ́.

Baba Àmì fa fóònù yọ láti fi ẹ̀rí hàn pé tòun ló ṣíwájú. Hẹdimásítà náà fa tirẹ̀ yọ. Wọ́n wo fóònù ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n jọ yíjú sí mi.

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Karùn-ún
Wọ́n lé mi. Wọ́n ti Ìjọra pa. Àwọn méjèèjì ló fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi lé mi, ohun àkọ́kọ́ tí ẹnu wọn kò lórí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Mo sunkún díẹ̀. Mo pe Màámi, mo kà á fún un. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun, òun ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Ó ní: "Òyìnbó wo ló kọ ọ́?"

Mo ní kì í ṣe òyìnbó, Màámi. Ìgbìmọ̀ Ìwé Ọ̀rọ̀ Èkìtì ni.