Oògùn Ọ̀rá Tí Dókítà Fún Ọkọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọkọ mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ó ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ó lè fa àìsàn ọkàn. Ó fún un lóògùn. Bá a ṣe délé, ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín: “Èmi tí mo gbẹ báyìí, ọ̀rá wo? Ìwọ tó o sanra ni kó o máa lò ó.”

Mo gbà á, mo ń lò ó, torí mo fẹ́ fọn. Oṣù mẹ́ta rèé. Àná ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í di àyà mú tó bá gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ kì í gbọ́ tèmi.

Tiyín ló máa ń gbọ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń ka lẹ́tà yìí, ó ti tan rédíò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bá mi sọ fún un o: ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni dókítà wí, kò wí ti ikùn.