Ìdáhùn Tí Mo Kà Fún Modeste

Marlène ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi òjò Kútọnu wọlé bá yín. Bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Antoinette tó gbà ọ́ sílé. Ní Lèma níbí, iṣu ta dáadáa, ìyá rẹ sì ń kí ọ. Òun ló gba fóònù lọ́wọ́ mi tó tì í mọ́nú àpótí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ìwé yìí rán Serge awakọ̀ sí ọ.

Ẹ̀bi mi ni. Ìwé ìdáhùn ìjọba fún iṣẹ́ àmúrelé èdè Faransé tí o yà ní fọ́tò ránṣẹ́, o ní kí n máa fi wo iṣẹ́ àbúrò rẹ lẹ́yìn tó bá ṣe é tán. "Lẹ́yìn" yẹn ni mi ò kà sí. Mo ní nígbà tí ìjọba ti dáhùn láti Kútọnu, ta ni Modeste tí yóò tún máa ronú? Mo ń kà á, ó ń kọ ọ́. Wọ́n bi í pé kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ìwé ní òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, ẹ̀bá òkun ló sì ń gbé. Ọmọ náà ní àgbẹ̀ ni mí. Mo bi í bóyá ó mọ̀ mí ju ìwé lọ.

Màdáámù Lucienne, olùkọ́ wọn, ka ti òkun yẹn, ó wo àwọn òkè wa lójú fèrèsé, ó wá ní kí Modeste wá kọ gbólóhùn kan péré sára pátákó. Kò rí nǹkan kọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é ní olè, ó sì délé, ó ní òun ò lọ síléèwé mọ́. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń bá mi lọ sóko.

O mọ orí kunkun mi, ṣùgbọ́n mo mú ọmọ náà dání lọ síléèwé. Mo dúró níwájú àwọn ọmọ náà, mo ní, "Modeste kọ́ ló jí ìdáhùn. Èmi bàbá rẹ̀ ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Màdáámù ní kí ọmọ kọ́kọ́ ṣe é, kó ṣì í bó bá fẹ́ ṣì í. Kí èmi wo ìdáhùn ní kọ̀rọ̀, kí n fi ìka sí ibi tó ti ṣì í, kó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Èyí tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé wa, ohun ilé wa ni kó kọ. Mo ní ìyẹn rọrùn. Ló bá ní kí àwa méjèèjì jókòó ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà láìwo nǹkan kan. Mo gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Modeste gba márùn-ún.

Láti ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń wọ aṣọ iléèwé. Ó ń sọ fún gbogbo Lèma pé òun ju bàbá òun lọ, ìyá rẹ sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Jọ̀ọ́, bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó fi owó ìwé ìkọ̀wé méjì ránṣẹ́, ọ̀kan fún Modeste, ọ̀kan fún mi. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́, kó sì bu díẹ̀ kún tèmi, nítorí Màdáámù ní ọjọ́ Jímọ̀ la óò tún ṣe é.

Èmi ni bàbá rẹ,
Éloi