Ẹ̀rọ Ọlọ́pàá Kò Gba Ìka Mi

Anyama,
ọjọ́ Jímọ̀.

Juwairiyyah ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́,

Mo kí ọ o, mo kí Bàsìt ọkọ rẹ, mo kí Mùíz kékeré tí mo rí eyín rẹ̀ méjèèjì nínú fóònù. Ṣé òtútù Kánádà ò pọ̀ jù? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí ẹ ṣàìsàn nílẹ̀ onílẹ̀, ẹlòmíràn ò ní jẹ èrè iṣẹ́ yín, àmín. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ara le, obì ń tà díẹ̀díẹ̀, òjò sì ti ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná. Fadeelah àbúrò rẹ ni yóò fi fóònù rẹ̀ ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ wẹ́wẹ́, kí ó má baà wúwo jù fún fóònù láti gbé kọjá òkun.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí o ní kí n gbà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, pé mi ò hùwà ọ̀daràn rí, kí àwọn ará Kánádà lè fún mi ní físà kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín, mi ò fi ṣeré rárá. Fọ́ọ̀mù kọ́kọ́ bi mí pé orúkọ mìíràn wo làwọn ènìyàn ń pè mí. Mo kọ Àkàndé, mo kọ Bàbá Juwairiyyah, mo kọ Anago oníobì tí àwọn Júlà ń pè mí lọ́jà, mo sì kọ orúkọ tí ìyá ìyá rẹ ń pè mí nígbà tí mo ń fẹ́ ìyá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ni, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ kò ní rí ìwé gbà. Wọ́n tún ní kí n kọ gbogbo ibi tí mo ti gbé láti ọmọ ọdún méjìdínlógún, ìlà mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi sílẹ̀. Mo ra ìwé tuntun kún un. Láti Ìgbòho ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo kọ yàrá Treichville tí àwa méje jọ ń sùn, mi ò sì yọ ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi àpò obì ṣe ibùsùn sílẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá ń lọ Mẹ́kà gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì káàkiri kó tó gbéra. Mo rò ó pé bí ti Mẹ́kà bá rí bẹ́ẹ̀, ti Kánádà tí ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ń wádìí ìwà ẹni ńkọ́? Ni mo bá wọ aṣọ funfun, mo lọ bẹ ìyá Anita, ará ilé kejì, nítorí àkùkọ rẹ̀ tí mo sọ lókò pa lọ́dún Kòrónà, tí mo ní ọkọ̀ ló pa á. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé ọkọ̀ wo ló ń gba ẹ̀yìnkùlé òun kọjá.

Lọ́jọ́ Àtàláátà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ gbaka dé Adjamé, mo sì dé ọ́fíìsì wọn. Ọjọ́ méjì ni mo ti fi ọṣẹ àti òroǹbó wẹ́wẹ́ bó ọwọ́ mi, kí wọ́n má baà rí pípọ́n obì kí wọ́n sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n gbé ìka lé gíláàsì kan. Mo gbé e lé e, ẹ̀rọ kọ̀. Mo tún gbé e, ó tún kọ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀, Laetitia lorúkọ rẹ̀, pè mí ní tonton, bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà ní Faransé níbí, ó ní ìlà ọwọ́ mi ló ti parẹ́, pé iṣẹ́ ló jẹ ẹ́, kí n máa fi òróró pa á kí n sì padà wá ní Àtàláátà tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ó kàn ń bò mí láṣìírí ni. Ó dájú pé ẹnì kan ṣì wà tí mi ò tíì bẹ̀.

Ni mo bá lọ bá Àlàájì Ràímì tí ìsọ̀ wọn kọjú sí tiwa. Èmi ni mo sọ fún oníbàárà wọn kan nígbà kan pé kòkòrò wà nínú obì wọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní àwọn náà ti sọ ọ́ nípa obì tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta. A jọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Laetitia ní Àtàláátà ọ̀sẹ̀ yìí, ọwọ́ òsì mi wọlé pátápátá! O rí i bí àforíjì ṣe ń ṣiṣẹ́? Ṣùgbọ́n ti ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí n má gbàgbé òróró o, nítorí Àtàláátà tó ń bọ̀ yìí ló gbẹ̀yìn, pé lẹ́yìn rẹ̀ ọjọ́ tí Kánádà dá fún wa ti kọjá nìyẹn.

Mo wá ro ẹni tó kù, ìwọ ni.

Lọ́jọ́ tí ò ń lọ, mo ní ẹrù dé, mi ò lè sìn ọ́ dé pápákọ̀ òfurufú. Ẹrù kankan ò dé. Mo jókòó sínú ìsọ̀, mò ń wo aago. O pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo rí orúkọ rẹ, mi ò gbé e. Ìyá rẹ ò tíì pé ọdún kan tó kú, mò ń bínú pé ìwọ náà ń fi mí sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé màá sunkún lójú gbogbo èèyàn. Fadeelah sọ fún mi pé ẹnu ọ̀nà lò ń wò títí wọ́n fi pe èrò wọlé. Ọdún méje nìyí, o kò bi mí léèrè rí, o kàn ń tọ́jú mi ni. Jọ̀ọ́, Àmọ̀kẹ́, forí jì mí. Ó dùn mí gan-an.

Bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù àti owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n fóònù Fadeelah ni kí o fi í sí, torí tèmi ń sọ lójoojúmọ́ pé òun ti kún, kò lè gba nǹkan kan mọ́. Ọlọ́run yóò dá ọ lóhùn níbi gbogbo tí o bá ti ké pè é, àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ti ń tọ́jú mi.

Bí o bá ti dárí jì mí, fi ohùn rẹ ránṣẹ́ kó tó di Àtàláátà. Bí o kò bá tíì lè ṣe é, má fi irọ́ tù mí nínú, màá gbé ọwọ́ lé gíláàsì wọn bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún mi ní físà, má wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú o. Jókòó sílé. Èmi ni màá béèrè ọ̀nà títí màá fi kan ilẹ̀kùn rẹ.

Bàbá rẹ,
Àrìmíyàù