Bẹ́ǹṣì tí Akọ̀ròyìn Yá

Ìkẹ́rẹ́, Sátidé, ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀

Akọ̀ròyìn rédíò wá yá bẹ́ǹṣì Bàámi láàárọ̀, kó lè gorí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní pápá. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ló wá gbá bọ́ọ̀lù nílé.

Èmi àti Bàámi jọ gbọ́ akọ̀ròyìn náà nínú rédíò. Ó ń pariwo: “Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kankan ò wọ aṣọ Nàìjíríà rí!”

Aṣọ tí Bàámi wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà wà nínú àpótí mi. Orúnkún tó ń mú un tiro, ibẹ̀ ló ti gbé e bọ̀.

Ó yẹ kí inú bí mi. Mo kàn ń ṣa ẹ̀wà lọ ni.

Nírọ̀lẹ́, ọkùnrin náà gbé bẹ́ǹṣì padà. Mo la ẹnu láti sọ fún un, Bàámi ṣẹ́jú sí mi.

“Gbé e síwájú ulé. Ọmọ ọ̀hún gbá a dáadáa?”

“Áà, Baba! Ẹ ò rí irú ẹ̀ rí!”

Bàámi fọwọ́ nu ipa bàtà akọ̀ròyìn náà kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó rọra jókòó.

“Ó dáa,” ó ní. “Kí Ọlọ́run bá a ṣọ́ orúnkún rẹ̀.”