Ọkọ̀ Aláìlórùlé Tí O Ní Kí N Bá Ọ Wò

Bẹ́yẹrúnká, Ìbàdàn,
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin, 1961.

Gàníyù Àkànní ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé àwọn ará Èkó kò yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa náà wà nílé, a ti gba ààwẹ̀ tán láyọ̀, orúnkún ìyá rẹ tó ń dùn ún sì ti ń rọlẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó má bá ọ níbi tí ọ̀gá rẹ ti ń bínú sí ọ, àmín. Pẹ́nì mẹ́ta ni mo ra sítáǹbù rẹ̀, nítorí náà rọra kà á, kí o sì yí i sẹ́yìn, torí mo kọ ẹ̀yìn ìwé náà pẹ̀lú kí n má baà ra òmíràn.

Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, akọ kan, abo kan. Òrùlé ilé tí ìjì ṣí lọ́dún tó kọjá ti parí, mo ti san owó páànù tán, owó ìṣó ló kù. Ibi ọ̀rọ̀ òrùlé yìí gan-an ni ìwé àwòrán mọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ti bá wa. O ní èyí tó wà ní ojú ewé karùn-ún lo fẹ́, pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò lọ́nà Agodi ní ọ̀kan tí wọ́n fi ń han èèyàn, pé kí n lọ wò ó, bí mo bá sì ti sọ pé ó dára, kí n ní kí wọ́n kọ̀wé sí òyìnbó pé kí ó gbé tìrẹ wá. Mo dúpẹ́ pé o fi mí ṣe bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ojú ewé karùn-ún, ìyá rẹ wò ó, ó wò ó, ó tún ṣí ojú ewé kẹfà, bóyá ibẹ̀ ni òrùlé wà. Kò sí níbẹ̀. Ó bi mí pé ṣé ọkọ̀ ojú omi mìíràn ló máa gbé òrùlé tẹ̀lé e ni. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ pé bí owó kò bá tíì tó, kí o ní sùúrù, kí o ra odindi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé a kò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Èmi náà ti fẹ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. O mọ̀ pé ọdún méjìlélógún ni mo fi wọn kòkó, ojú mi kò sì lè rí nǹkan kí n má bi í pé mélòó ni ó wọ̀n. Wọ́n kọ ìwọ̀n ọkọ̀ náà sí abẹ́ àwòrán rẹ̀, mo ṣírò rẹ̀ sí àpò kòkó, ó jẹ́ àpò mọ́kànlá géérégé. Àpò mọ́kànlá! Èmi àti àwọn alábàárù máa ń gbé ìyẹn sórí ìwọ̀n kí ẹ̀kọ òwúrọ̀ tó tutù. Kòkó àpò mọ́kànlá kò sì tó ọgọ́rin pọ́n-ùn lọ́jà òní, àwọn wọ̀nyí ń pe tiwọn ní ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn ó lé ogójì. Wọ́n yọ òrùlé kúrò, wọ́n yọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, wọ́n wá fowó lé e. Mo ní ẹnikẹ́ni kò ní fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ rẹ́ ọmọ mi jẹ.

Ìdí mìíràn tún wà tí n kò fi fẹ́ gbọ́ orúkọ mọ́tò rárá. O rántí Iléyá tó kọjá. Ọkọ̀ ọ̀gá rẹ lo gbé wálé, o yí gbogbo gíláàsì rẹ̀ sókè nítorí eruku, ẹ̀gbọ́n mi Sàídì, baálé ilé wa, dúró ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, wọ́n na ọ̀pá sí ọ pé káàbọ̀, o fun fèrè ọkọ̀, o kọjá lọ. Mo ti ṣàlàyé títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó pé o kò rí wọn ni. Wọ́n ní bí o kò bá rí àwọn, ta lo fun fèrè fún? Wọ́n ní irin lo fi pariwo mọ́ àwọn lójú ọjà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ní àwọn kò ní ṣíwájú ẹnikẹ́ni lọ sí Oníyanrìn lọ tọrọ Kúlúsúmù fún ọ, àfi ìgbà tí o bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. O sì mọ̀ pé bí baálé kò bá lọ, a kò lọ nìyẹn. N kò sọ èyí fún ọ tẹ́lẹ̀ kí oorun má baà dá lójú rẹ: bàbá Kúlúsúmù ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé a ṣì ń bọ̀ àbí a kò bọ̀ mọ́, torí kápẹ́ńtà kan láti Yemẹtu ti ń wá sọ́dọ̀ wọn. Ó ti tún ilẹ̀kùn iwájú ṣe fún wọn láìgba kọ́bọ̀, ó ti tún ti ẹ̀yìn ṣe, ó ti wá bọ́ sórí àjà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gidigidi, ẹni tó bá dé àjà kò jìnnà sí yàrá mọ́.

Síbẹ̀ o ti bẹ̀ mí, mo lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì ni, mo fẹsẹ̀ rìn dé Agodi kí n má baà san owó ọkọ̀ nítorí ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Adéníyì ló jáde sí mi, ó so táì mọ́ ọrùn bí ẹni ń lọ sí kóòtù. Ó ní bàbá, ẹ káàbọ̀, ẹ wá wo ọmọge. Mo ní èmi níyàwó nílé, mọ́tò ni mo wá wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mọ́tò náà ni òun ń pè bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ó ní ohun tó dùn jù nínú rẹ̀ nìyẹn, pé bí ó ṣe fúyẹ́ ni ó ṣe ń sáré. Mo ní níbo ni wọ́n ti ń fi ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn ra ìfúyẹ́? Mo ní kí wọ́n bá mi fi irin díẹ̀ kún un kí òun àti owó rẹ̀ lè bára mu. Ó ní ẹ̀rọ ló ṣe é, wọn kì í bu irin lé e. Mo ní ó dáa, kí wọ́n dín owó òrùlé kù fún mi. Ìgbà náà ló tó ṣí ẹ̀yìn ìjókòó, ó fi tapólì kan hàn mí tí wọ́n ká síbẹ̀ bí ẹni ká apá agbádá lé èjìká. Ó ní bí òjò bá ń bọ̀, wọ́n á fà á bo orí. Mo fọwọ́ pa á wò, aṣọ gidi ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi mo ní, tapólì ni wọ́n fi ń bo kòkó, wọn kì í fi bo ọmọ Sàláúdéènì. Mo ti fẹ́ máa lọ.

Ó ní kí n má tíì lọ, kí n jókòó sínú rẹ̀ kó gbé mi yí ìgboro ká, pé ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tó ti ní ọ̀fẹ́ ni, mo gbà. Àkànní, mo gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀, mo ń jókòó lọ, mo ń jókòó lọ, mo rò pé wọ́n gbàgbé láti fi ìjókòó sí i ni. Nígbà tí ìdí mi kàn án, ẹsẹ̀ mi ti nà gbọọrọ síwájú, ojú mi kò sì ga ju ti ewúrẹ́ ìyá rẹ lọ. Ó tẹ iná, a jáde. Atẹ́gùn wọ mi láti ọrùn dé inú ṣòkòtò. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó sí Ọjà'ba, atẹ́gùn gba fìlà mi, ó gbé e lé orí páànù ṣọ́ọ̀bù kan, ibẹ̀ ló ṣì wà. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo bá ara mi tí mò ń rín.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Ràbíátù tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ rí mi, ó ké pé Bàbá Gàníyù, ẹ kú afẹ́fẹ́ o, ìgbà wo ni wọ́n máa parí rẹ̀? Mo ní wọ́n ti parí rẹ̀, ìwọ ni o kò tíì jí. Ó ní mo ti gbàgbé fìlà. Mo ní kí ó bá mi mú un wálé. Mo bi í léèrè ọmọ rẹ̀ tó ṣàìsàn, ó ní ó ti ń jẹun. Gbogbo èyí, mo wà nínú mọ́tò! Mo ní kí Adéníyì má sáré mọ́, pé mò ń kí èèyàn. Ó ní ọkọ̀ yìí lè sáré ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí kan. Mo ní ẹni tí ó ń lé wa dà? Gbogbo ẹni tó wà lọ́nà ló kí mi, gbogbo wọn ni mo dá lóhùn, kò sí gíláàsì láàárín wa, n kò sì fun fèrè sí ẹnikẹ́ni. Ojú mi wá là. Mo ní háà, òyìnbó tó ṣe ọkọ̀ yìí gbọ́n, ó mọ̀ pé a máa ń kíra wa.

Bí a ṣe padà dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Sàídì ni mo rí lórí ìdúró, pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Mo ní kí Adéníyì dúró. Mo fẹ́ dìde kí n dọ̀bálẹ̀, ọkọ̀ kò jẹ́ kí n dìde, ni mo bá tẹrí ba níbi tí mo wà, iwájú orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàtà wọn. Wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n ní ta ló gbé ọ sílẹ̀ báyìí, Sàláúdéènì? Mo ní Gàníyù ni, mọ́tò tó fẹ́ rà nìyí. Wọ́n yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n fi ọ̀pá kan táyà rẹ̀. Wọ́n bi Adéníyì pé bí ọmọ náà bá ń wà á, ṣé bó ṣe máa wà nílẹ̀ nìyí? Adéníyì ní Bàbá, yóò tún wà nílẹ̀ ju báyìí lọ bí ó bá ga, torí yóò ní láti na ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ yìí gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní àwọn ọmọ yòókù ń ra ọkọ̀ tí wọ́n á fi máa wo orí àgbà láti òkè, èyí fi owó ara rẹ̀ ra ìdọ̀bálẹ̀. O kò kọ èyí sínú lẹ́tà rẹ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí n bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin méjì ló fà mí yọ. Wọ́n bọ́ sí àyè mi, wọ́n fi ìborùn so láwàní wọn mọ́ àgbọ̀n, wọ́n ní kí Adéníyì máa lọ. Mo dúró ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ láìdé fìlà, mo dúró títí a fi kí ìrun Àsárì tán, n kò rí wọn. Mo ti ń ṣírò iye tí wọn yóò ní kí n san bí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ náà wọ kòtò, kí n tó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń kí àwọn aláṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bọ̀, obì wà lọ́wọ́ wọn.

Oníyanrìn ni wọ́n lọ! Wọ́n ní kí Adéníyì dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn Kúlúsúmù, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n kí bàbá rẹ̀, wọ́n kí ìyá rẹ̀, wọ́n ní àwọn wá tọrọ ọmọ. Bàbá Kúlúsúmù bi wọ́n pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dà, ṣé wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn ni? Wọ́n ní ìjókòó kan ni òyìnbó ṣe, àwọn ni wọ́n sì ṣe é fún. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kápẹ́ńtà Yemẹtu sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó yí ọkọ̀ náà ká, ó ní òun lè bá wọn kan òrùlé sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó parí àjà ná, pé ó máa wúlò lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bàbá Kúlúsúmù ní òun gbà, ó fún wọn lóbì, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n dá fún ìdána. Wọ́n ní Kúlúsúmù yọjú láti ojú fèrèsé, ó wo ìjókòó náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sá padà.

Ìwọ wò ó, Àkànní. Pọ́n-ùn méje ni mo ti yà sọ́tọ̀ láti kó ẹni mẹ́wàá lọ, pẹ̀lú owó lọ́rì àti oúnjẹ wọn. Ẹnì kan ló lọ, àwọn àna ló tún fún wa lóbì. Mo yọ pọ́n-ùn méje yẹn kúrò nínú iye ọkọ̀ náà, mo sì ti ń rí i pé kò wọ́n tó bí mo ṣe rò.

Mo padà sí Agodi lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní kí Adéníyì kọ̀wé sí òyìnbó. Ó bi mí léèrè àwọ̀ tí a fẹ́. Pupa ni mo mú, torí eruku Ìbàdàn kò ní hàn lára rẹ̀, wàá sì dín owó ọṣẹ kù. Mo bèèrè èènì, ó ní wọn kì í ṣe èènì. Mo ní mo lè jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Ó fún mi ní agolo ìpara kan tí wọ́n fi ń kun ara mọ́tò, ìyá rẹ ti fi kun àpótí aṣọ rẹ̀, ó ń dán.

Jọ̀wọ́ fi pọ́n-ùn méjì ránṣẹ́. Ṣílè méjìlá nínú rẹ̀ jẹ́ owó fìlà, torí ẹni tí mo ní kó gun òrùlé ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ mú tèmi ń bèèrè owó tó ju fìlà lọ. Owó ìṣó páànù wà nínú rẹ̀, ìyókù ni gèlè fún ìyá rẹ, èyí tó ṣeé so mọ́ àgbọ̀n. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ni. Bá wọn yanjú rẹ̀ nígbà tí o bá dé, èmi ti gun tèmi.

Ọlọ́run yóò gbé ọ dé láyọ̀. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lórí ọkọ̀, ojú rẹ kò ní fọ́ sí ẹni tó yẹ kí o kí, ẹni tó bá jókòó tì ọ́ yóò bá ọ pẹ́, àwọn ọmọ tí ẹ máa bí yóò pọ̀ débi tí ọkọ̀ yìí kò ní gbà yín mọ́, àmín.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, mo sì fẹ́ kí o há a sórí. Bí o bá ti dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, má fa tapólì yẹn borí, àfi bí òjò bá ń rọ̀. Bí òjò bá sì ń rọ̀, kọ́kọ́ kí wọn ná.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàláúdéènì.